Òfin Tí Ó De “Ẹ Kú Iṣẹ́”

Ní ọjọ́ tí ọ̀gá àgbà ilé okùn gun orí ìdì ọ̀gbọ̀ kan, irú èyí tí wọ́n fi ń ran okùn, tí ó gba pàṣán lọ́wọ́ alábòójútó, tí ó sì ṣẹ́ ẹ sí méjì lójú gbogbo òṣìṣẹ́, àwọn àgbàlagbà kan sọkún ayọ̀. Ó ti lé ní àádọ́jọ ọdún báyìí. Láyé ìgbà náà, ìgbòkun ni ó ń gbé ọkọ̀ ojú omi rìn, okùn ni ó sì gbé ìgbòkun ró, nítorí náà ẹni tí ń ran okùn kò gbọdọ̀ sinmi. Kí wọ́n má baà sinmi, ẹgba ni bàbá ọ̀gá yìí gbẹ́kẹ̀ lé títí ó fi kú.

Ẹ̀wù aláró ni ọmọ rẹ̀ wọ̀ lọ́jọ́ náà, bọ́tìnnì idẹ ara rẹ̀ sì ń kọ mànà.

“Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo kí yín,” ni ó wí. “Mo rin ìrìn àjò, mo sì rí ọgbọ́n. Pàṣán a máa mú ẹsẹ̀ yá, ṣùgbọ́n kì í mú ọkàn yá. Láti òní lọ, ìyìn ni a ó máa fi ṣe kóríyá fún yín.”

Nígbà náà ni ó gbé òfin kalẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kí ẹnìkejì rẹ̀ ní “ẹ kú iṣẹ́” mọ́ nínú ilé okùn. Òun nìkan ni yóò máa fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ lójú gbogbo ènìyàn nígbà tí iṣẹ́ bá parí, fún ẹni kan ṣoṣo tí ó bá ran okùn jù lọ.

Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà, Agùntáṣọọ́lò ni wọ́n ń pè é. Ó sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé, “Ẹ̀yin ará, wọ́n ti gba kú iṣẹ́ lọ́wọ́ wa o! Bí mo bá sín lọ́la ńkọ́, ta ni n ó tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹni tí kò rẹ́rìn-ín ni Arìnfẹ̀yìn. Iṣẹ́ ni ó fún un lórúkọ. Yàrá okùn gùn tó igba ìṣísẹ̀, kò sì fẹ̀ ju ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ. Aranokùn yóò di ọ̀gbọ̀ mọ́ ìbàdí, yóò fi etí ọ̀gbọ̀ náà kọ́ ara kẹ̀kẹ́ ńlá tí ń lọ́ okùn, yóò sì máa fi ẹ̀yìn rìn lọ, tí ìka rẹ̀ yóò máa fa ọ̀gbọ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹlòmíràn ti ń yí kẹ̀kẹ́. Ìyàwó Arìnfẹ̀yìn ni ó ń yí i fún un. Ọdún mọ́kàndínlógún ni wọ́n fi ń kọjú sí ara wọn, tí ọkọ ń jìnnà, tí aya ń kéré lójú rẹ̀. Bí ó bá ti kan ògiri, aya a ké pé, “Ẹ kú iṣẹ́ o!” Òun náà a dáhùn. Òfin fi òpin sí èyí.

Ìrìn méjìdínlógún láti ìdí kẹ̀kẹ́ dé ògiri ni òṣùwọ̀n ojúmọ́ kan. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, Arìnfẹ̀yìn rin ogún. Ọ̀gá ṣí fìlà, ó tẹrí ba díẹ̀, ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́, bàbá.”

Àpá ẹgba bàbá ọ̀gá náà ṣì wà lẹ́yìn ọkùnrin yìí. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

“O gbọ́ ohun tí ó pè mí?” ni ó bi aya rẹ̀ bí wọ́n ti ń lọ sílé. “Bàbá!”

“Mo gbọ́. Ṣé ó rí èmi?”

“Wọn kì í ka ẹni tí ń yí kẹ̀kẹ́. Okùn ni wọ́n ń kà.”

“Ó dáa. Kẹ̀kẹ́ tí wọn ò kà yẹn, ẹ̀mí èèyàn ló ń yí i.”

Kí oṣù tó parí, ọ̀gá ní ohun tí ẹnì kan lè ṣe, gbogbo ènìyàn lè ṣe é. Ogún di òṣùwọ̀n. Arìnfẹ̀yìn rin méjìlélógún, méjìlélógún náà sì di òṣùwọ̀n. A kò na ẹni tí kò bá a. Ńṣe ni a rọra ṣí ilẹ̀kùn fún un kí ó máa lọ sílé. Nígbà tí ó kan Agùntáṣọọ́lò, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

“Arìnfẹ̀yìn, pàṣán sàn jù ọ́ lọ. Ẹni tó ń fi pàṣán nani, ọwọ́ a máa ro ó.”

Eruku ọ̀gbọ̀ ti wọ àyà ìyàwó Arìnfẹ̀yìn ní àkókò yìí, ikọ́ rẹ̀ sì ń mú ẹ̀jẹ̀ wá. Ó kúnlẹ̀ fún ọkọ rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan.

“Ọkọ mi, ẹ dúró síbi tí òfin dúró sí. Méjìlélógún tó. Àyà mi ò gbé e mọ́.”

“Òní nìkan. Ẹlòmíràn ló gba kú iṣẹ́ ọ̀gá níjẹta, ẹlòmíràn ló tún gbà á lánàá. Lẹ́yìn òní, mo jáwọ́.”

Ní ìrìn kẹtàlélógún, ó rí i láti ọ̀kánkán pé kẹ̀kẹ́ ń lọ́ra. Ojú aya rẹ̀ kò ju èékánná lọ níbi tí òun wà.

“Yí i!” ni ó ké.

Ó yí i.

“Yí i, mo ní!”

Ó tún yí i. Lẹ́yìn náà ni okùn dẹ̀, tí ó wó lulẹ̀ ní gbogbo gígùn rẹ̀. Arìnfẹ̀yìn rò pé ó já ni. Ó ń tẹ̀ lé okùn bọ̀, ó ń fi ìka wá ojú ibi tí ó já, kò gbójú sókè títí tí ó fi dé ìdí kẹ̀kẹ́. Okùn kò já níbì kankan. Aya rẹ̀ di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú síbẹ̀, ṣùgbọ́n kò mí mọ́.

Ní ọjọ́ kẹta, ó padà síbi iṣẹ́, nítorí ẹni tí ó bá pa ọjọ́ mẹ́rin jẹ ti pàdánù àyè rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rọra ń kí i lẹ́nu ọ̀nà pé, “Ẹ kú ará fẹ́ra kù.” Obìnrin kan tí kò mọ̀ rí jókòó sídìí kẹ̀kẹ́. Láti òwúrọ̀ ni ó ti pinnu nínú ara rẹ̀ pé bí ọ̀gá bá tún kí òun, òun yóò tutọ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rìn bí ó ti mọ ọ́n rìn.

Nígbà tí iṣẹ́ parí, ọ̀gá ṣí fìlà.

“Ẹ wò ó, gbogbo yín! Ẹni tí ń ṣọ̀fọ̀ ni ó rin mẹ́tàlélógún. Bàbá, ẹ kú iṣẹ́.”

Arìnfẹ̀yìn la ẹnu láti tutọ́. Àyà rẹ̀ kún, ara rẹ̀ yá gágá bí ti ọjọ́ àkọ́kọ́, orúnkún rẹ̀ sì tẹ̀ fúnra rẹ̀.

“A dúpẹ́, ọ̀gá,” ni ó wí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mẹ́tàlélógún di òṣùwọ̀n.