Ìyókù

Ẹfun ìkọ̀wé ti kun imú Sírájúdéènì, ọ̀kpà gbígbóná, oúnjẹ tó dà bíi mọ́ínmọ́ín, ń rú èéfín lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn ọmọdé sì yí i ká bí ẹyẹ tó rí àgbàdo. Báyìí ni Zuliat ṣe kọ́kọ́ rí i lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí ní Emene nílẹ̀ Ígbò, nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin ará Ìlọrin náà ṣì jẹ́ agùnbánirọ̀. Títí di òní, bí òórùn ọ̀kpà bá ta sánsán sí i nímú, ọjọ́ náà ló máa ń rántí.

Sírájúdéènì ti pín in dọ́gbadọ́gba fún àwọn ọmọ, ẹyọ kan wá kù.

"Kí là ń pe èyí?"

"Rìméńdà!"

"Ní Yorùbá ńkọ́?"

Ojú àwọn ọmọ ò kúrò lára ọ̀kpà náà.

"Ìyókù," ni Zuliat dáhùn lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ yọ díẹ̀, èyí tó bá kù ni ìyókù. Màmá mi, kí Ọlọ́run kẹ́ wọn, máa ń tú ọ̀rọ̀ fún mi bí ẹni tú irun."

Sírájúdéènì na ọ̀kpà náà sí i. "Ẹ̀yin lẹ ni ín nígbà náà."

"Ẹ̀yin tíṣà yìí! Ẹ ò lè jẹun kí ẹ má ṣírò?"

Láti ọjọ́ náà, á sìn ín délé lẹ́yìn ẹ̀kọ́, wọ́n á máa tú ọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ní, "Zuliat, ìyókù ayé mi, ọ̀dọ̀ rẹ ni mo ti fẹ́ lò ó." Zuliat fi ìborùn bojú, ó ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó sin ìlú tán, ó lọ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, Alhaji Bashiru, télọ̀ tí kò bí ju ọmọ kan ṣoṣo lọ. Bàbá sọ sísọ́ọ̀sì kalẹ̀.

"Ikú ti mú ìyá rẹ̀ lọ. Ìwọ náà fẹ́ gbé e lọ sí Ìlọrin. Tí o bá yọ Zuliat nínú ilé yìí, kí ni ìyókù?"

Sírájúdéènì nìkan ló padà sí Ìlọrin. Nígbà tó pè é lórí fóònù, ẹkún ni Zuliat fi dá a lóhùn: "Mi ò lè fi Bàbá sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ẹlòmíràn."

Lẹ́yìn Iléyá, kẹ̀kẹ́ Màrúwá kan dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù Bàbá. Sírájúdéènì ló sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú báàgì ńláńlá. Ó ti rí iṣẹ́ tíṣà sí Emene. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú erùpẹ̀.

"Bàbá, mi ò wá yọ ẹnikẹ́ni mọ́. Mo wá fi ara mi kún yín ni."

Bàbá wo báàgì, ó wo ojú ọmọ rẹ̀ tó ti jáde sẹ́nu ọ̀nà.

"Dìde. Gbé ẹrù rẹ wọlé, òjò ń bọ̀."

Bàbá fúnra rẹ̀ ló rán aṣọ tí ọkọ wọ̀ lọ́jọ́ yìgì. Ṣòkòtò náà tóbi débi pé Sírájúdéènì ń fọwọ́ dì í mú.

"Bàbá, ó fẹ̀ jù."

"Ibí náà lo máa gbé, àbí?" ni Bàbá wí, omi lé ròrò lójú rẹ̀. "Wàá sanra bá a."