Ọkọ̀ Tí Aunty Mọ́tọ́lá Fẹ́ Fi Ṣe Ilé

"Yọ bátìrì ẹ̀," ni bàbá Ṣìkẹ́mi wí.

Ẹ̀rọ funfun kékeré tó wà lára ògiri inú ọkọ̀ van náà kò yéé ké. Láti ìgbà tí wọ́n ti tan ẹ́ńjìnì ló ti ń han etí. Ṣìkẹ́mi gun orí bẹ́ẹ̀dì, ó ṣí ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà, ó yọ bátìrì inú rẹ̀, ó fi í sápò. Ariwo dá.

"Dádì, kí ló dé tó ń ké?"

"Ó ti gbó ni."

Ṣìkẹ́mi mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ gbígbó. Òun ló di tọ́ọ̀ṣì mú lọ́sẹ̀ tó kọjá nígbà tí bàbá rẹ̀ ká kápẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn ọkọ̀ náà sókè. Irin abẹ́ rẹ̀ ti dípẹtà, ó ti jẹrà, ó dá ihò tí ẹsẹ̀ ènìyàn lè wọ̀. Nínú ihò yẹn ni wọ́n ti rí sàlẹ́ńsà tó ń gbé èéfín jáde nísàlẹ̀, òun náà sì ti là. Ẹ̀rọ tó ń ké yìí, èéfín ẹ́ńjìnì tó lè pa ènìyàn ló ń gbóòórùn. Bàbá rẹ̀ gé pákó bo ihò náà, ó tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tuntun lé e lórí, ó ní ó parí.

Ọláníyì, bàbá Ṣìkẹ́mi, kì í ṣe olè. Ó máa ń ra ọkọ̀ àlòkù ní ọjà gbàǹjo, á tún un ṣe níwájú ilé wọn ní Redan lókè òkun, á tà á fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Nàìjíríà, òun ló lọ gbé wọn ní airport. Ó gba àwọn kan sílé títí wọ́n fi ríṣẹ́. Nítorí náà, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ti ń ra ọkọ̀ àkọ́kọ́, ẹnikẹ́ni kì í sì í yẹ̀ ẹ́ wò.

Ṣìkẹ́mi wà ní kíláàsì àṣekágbá. Yunifásítì kan ní Savannah ti gbà á, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ kí ó tètè san owó yàrá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á fi yàrá fún ẹlòmíràn.

"Bí van yìí bá ti lọ," ni bàbá rẹ̀ wí, "Savannah ti dé nìyẹn."

Aunty Mọ́tọ́lá, ará ṣọ́ọ̀ṣì tó fẹ́ ra van náà, dé lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn láti Union City, aṣọ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Iṣẹ́ ìgbà díẹ̀ ló máa ń gbà, ìlú kan lónìí, ìlú mìíràn lóṣù tó ń bọ̀. Owó ilé tí kì í sùn sí ti sú u. Ó wo bẹ́ẹ̀dì, ó wo síǹkì kékeré, ó fa kọ́tìnì síwá-sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ó bọ́ bàtà, ó sì na gbalaja sórí bẹ́ẹ̀dì.

"Landlord wo ló máa lé mi kúrò níbí?" ó wí. "Ọkọ tó bá fẹ́ fẹ́ mi, kó yáa lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kásẹ̀ sùn."

Ọláníyì rẹ́rìn-ín. "Ìjẹ̀bú ni ẹ́ lóòótọ́. O ò fẹ́ san rent fún ẹnì kankan."

"Ẹ jẹ́ kí n ṣe Ìjẹ̀bú mi, sà." Ó jókòó. "Sà, mọkálíìkì kan wà ládùúgbò mi. Mo ní kí ó wá bá mi yẹ abẹ́ ẹ̀ wò."

Ojú Ọláníyì yí padà. Kò pariwo. "Mọ́tọ́lá, ta ló gbé ẹ ní airport?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Inú ilé ta lo sùn nígbà òtútù àkọ́kọ́?"

Obìnrin náà sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó kúnlẹ̀ sórí kọnkéré níbẹ̀. "Ẹ má bínú, sà. Mi ò ní í lọ́kàn bẹ́ẹ̀."

"Mo ti gbọ́. Jẹ́ kí n mú ìwé ọkọ̀ wá."

Ó wọlé. Ó ku Ṣìkẹ́mi àti Aunty Mọ́tọ́lá nìkan. Aunty padà sínú ọkọ̀, ojú rẹ̀ sì bọ́ sára ẹ̀rọ funfun náà.

"Mo mọ èyí. Òun ló máa ń ké tí èéfín bá wọlé. Ṣé ó ń ṣiṣẹ́?" Ó na ọwọ́ láti tẹ bọ́tìnnì rẹ̀.

Bátìrì wà lápò Ṣìkẹ́mi. Bàbá rẹ̀ kò sí níbẹ̀ láti gbọ́. Gbólóhùn kan péré ni. Ṣùgbọ́n Savannah ló wà lójú rẹ̀.

"Ó ń ṣiṣẹ́, mà. Dádì ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ bátìrì ẹ̀ ni."

Aunty sọ ọwọ́ sílẹ̀. "O ṣeun, ọmọ dáadáa."

Ó san owó ọkọ̀ lọ́jọ́ náà. Ní ọjọ́ Ìsinmi, Pásítọ̀ da òróró sára ọkọ̀ náà, ó gbàdúrà lé e. Gbogbo wọn ṣe àmín. Ṣìkẹ́mi náà ṣe é. Kò rántí fi bátìrì padà, tàbí kí a sọ pé kò fẹ́ rántí.

Nígbà tí òtútù mú gan-an, Aunty Mọ́tọ́lá ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan lẹ́bàá Loganville. Ẹ̀yìn ilé náà ló ń gbé ọkọ̀ sí. Ó tan ẹ́ńjìnì kí ara rẹ̀ lè móoru, ó sì sùn lọ. Láàárọ̀, wọn kò rí i níbi iṣẹ́. Joanna, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, lọ kan ilẹ̀kùn. Ẹ́ńjìnì ṣì ń ṣiṣẹ́, kò sí ẹni tó dáhùn. Wọ́n fọ́ gíláàsì kí wọ́n tó lè gbé e jáde.

Kò kú. Ṣùgbọ́n èéfín ti ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó máa ń wá orúkọ ohun tó wà níwájú rẹ̀ tì.

Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì lọ kí i ní ọsibítù. Mummy Adéfọlá, olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin, gbàdúrà: "Ọ̀tá tó fẹ́ pa á, ojú tì í!" Ọláníyì ló ṣe àmín jù. Aunty Mọ́tọ́lá gbé ife omi, ó gbọ̀n dà sí i láyà.

"Kì í ṣe ọ̀tá," ni Ṣìkẹ́mi wí.

"Ṣìkẹ́mi, panu mọ́," ni bàbá rẹ̀ wí. "Ọmọ tó mọ ọwọ́ wẹ̀ ló ń bá àgbà jẹun."

"Ihò wà nísàlẹ̀ ọkọ̀ yẹn. Ẹ fi pákó bò ó, Dádì, èmi ni mo di tọ́ọ̀ṣì mú. Èmi ni mo yọ bátìrì. Aunty bi mí, mo parọ́ fún wọn."

Ọláníyì mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀, ó jáde. Aunty Mọ́tọ́lá wo ọmọ náà títí. Ọ̀rọ̀ ń jáde lẹ́nu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Àwa méjì péré la wà níbẹ̀. Kí ló dé?"

"Savannah ni, mà."

"Mo fẹ́... mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́ fúnra mi." Ó wo ọwọ́ rẹ̀ tó ń gbọ̀n. "Mi ò ní ṣépè fún ẹ. Ṣùgbọ́n má wá síbí mọ́."

Ṣìkẹ́mi tún ọ̀rọ̀ náà sọ fún ọlọ́pàá. Wọ́n gbé bàbá rẹ̀ lọ sílé ẹjọ́. Owó tó yẹ kó gbé Ṣìkẹ́mi lọ sí Savannah, lọ́yà ló gbà á. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn kan ń pè é ní ọmọ tó ta bàbá rẹ̀. Aunty Mọ́tọ́lá kò lè ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì mọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá mú un padà sí Nàìjíríà, ẹlòmíràn ló sì ń fún un lóògùn báyìí.

Wọ́n máa ń sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò lé e bá. Ọ̀rọ̀ náà dùn, ṣùgbọ́n kò sọ ohun tí irọ́ yóò ti bà jẹ́ kí ọjọ́ náà tó dé. Ìwọ tí o ṣì jẹ́ ọmọdé, bọ̀wọ̀ fún àgbà, kúnlẹ̀ kí wọn. Ṣùgbọ́n bí o bá mọ ohun tó lè pa ènìyàn, sọ ọ́ kí onítọ̀hún tó wọ ọkọ̀. Bí ó bá ti wọ̀ ọ́ lọ tán, òtítọ́ rẹ kò wúlò fún un mọ́.