Kànga Ṣọ́ọ̀ṣì Kọ́ Ló Gbé Ìyá Jẹ́jẹ́lọlá Ró

Ọlọ́kadà sọ kẹ́ẹ̀gì omi mẹ́ta kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Mildred ní Okitipupa, ó yí ọ̀kadà rẹ̀ padà, ó lọ. Omi kànga ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà kan ní Òde-Ayé ni. Ó ti tó oṣù méjì tí irú omi bẹ́ẹ̀ ti ń wọlé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

"Màmá, omi yín ti dé o."

Ìyá rẹ̀, Màmá Aníwúrà, gba ife omi tí Mildred bù fún un lórí àga tìmùtìmù níwájú tẹlifíṣọ̀n. Ó mu ún tán, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì.

"Mildred, omi ń wọlé, ẹsẹ̀ mi ń wú. Àbí inú ẹsẹ̀ ni omi yín ń gbà lọ ni?"

Mildred rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà á. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tó mú ìyá rẹ̀ kúrò ní Òde-Ayé, Màmá ṣì ń fẹsẹ̀ rìn lọ sóko. Mildred ní, "Ẹ ti ṣiṣẹ́ tó. Ẹ wá jókòó, kí ẹ jẹun ọmọ." Màmá sì jókòó. Ó jókòó títí, ó wá di pé ó ń di ògiri mú kó tó dé ilé ìwẹ̀. Lánàá, díẹ̀ ló kù kó ṣubú níbẹ̀. Bí egungun ìbàdí arúgbó ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin bá kán, ta ló mọ̀ bóyá yóò tún dìde?

Ohun tó ń ya Mildred lẹ́nu ni Ìyá Jẹ́jẹ́lọlá, aládùúgbò wọn àtijọ́. Ìyá náà ti pé ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin, síbẹ̀ ó ń rìn ṣánṣán. Òwúrọ̀ kì í mọ́ kó má lọ sí kànga ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo ayé ló ní inú kànga yẹn ni àṣírí ara rẹ̀ wà. Kí ló wá dé tí omi kan náà kò ran Màmá lọ́wọ́? Mildred pinnu láti lọ bèèrè fúnra rẹ̀.

Nígbà tó dé Òde-Ayé, ojú ọ̀nà ló ti bá Ìyá Jẹ́jẹ́lọlá, ìkòkò omi kékeré kan lórí rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, àdúrà wo lẹ máa ń gbà sí omi yìí kí ẹ tó mu ún?"

Ìyá dúró. "Kí n mu ún kẹ̀? Ta ló sọ fún ọ pé mò ń mu ún? Omi ẹ̀rọ tó wà lẹ́yìn ilé mi lèmi ń mu. Àwọn arúgbó tí kò rẹ́ni pọnmi fún wọn ni mò ń gbé eléyìí lọ fún."

Mildred lanu, kò lè pa á dé.

"Pa ẹnu dé, kí eṣinṣin má bàa wọ̀ ọ́. Máa tẹ̀ lé mi."

Wọ́n dé ilé àkọ́kọ́, Ìyá fi onílé ṣe yẹ̀yẹ́, onílé náà bú u padà, àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Wọ́n padà lọ pọn òmíràn, wọ́n kọjá sí ilé kejì. Kí wọ́n tó dé ẹ̀kẹta, Mildred ti ń làágùn, ó sì ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ọmọ ọdún mélòó ni ọ́?"

"Mẹ́tàdínláàádọ́ta, Ìyá."

"Háà! Òógùn rẹ jù mí lọ lọ́jọ́ orí."

Ní ilé kẹta, ilé Bàbá Mákánjúọlá, wọ́n bá Nọ́ọ̀sì Olúwaṣìkẹ́mi tó máa ń yẹ àwọn àgbàlagbà wò láti ilé dé ilé. Bó ti wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ Bàbá tán, Ìyá Jẹ́jẹ́lọlá na apá tirẹ̀ sí i.

"Ìyá, ṣé ẹ lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín láàárọ̀ yìí?"

"Mo lò ó, ìyàwó mi."

Mildred fò dìde. "Ẹ̀yin náà ń lo oògùn?"

"Ọdún kẹsàn-án rèé. Ìwọ kò bi mí."

Mildred wá sọ gbogbo ọ̀rọ̀ fún nọ́ọ̀sì. "Kí ni mo ṣe tí kò dáa? Mo fún ìyá mi ní ìsinmi."

"Ìfẹ́ lẹ fi ṣe é," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ṣùgbọ́n ìjókòó láti àárọ̀ dalẹ́ kì í ṣe ìsinmi. Iṣan tí a kò lò máa ń rọ. Ta ni Màmá ń bá sọ̀rọ̀ lójúmọ́?"

"Tẹlifíṣọ̀n."

"Kí ni wọ́n ń jẹ?"

"Búrẹ́dì, míníráàsì ẹlẹ́rìndòdò, ẹran díndín. Ohun tó bá ti dùn."

Nọ́ọ̀sì mi orí. "Ìyá yìí ń rìn, ó ń bá èèyàn ṣeré, ó ń jẹ ẹ̀fọ́, ẹja àti ẹ̀wà, iyọ̀ rẹ̀ kò pọ̀, ó ń sùn dáadáa, kì í sì í fi oògùn rẹ̀ ṣeré. N kò lè ṣèlérí ọgọ́rùn-ún ọdún fún ẹnikẹ́ni, nítorí àìsàn lè kọ lu ẹni tó ń ṣe gbogbo rẹ̀. Síbẹ̀, àwọn nǹkan wọ̀nyí máa ń ran ara lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tó wú yẹn, ẹ má rò pé ìrìn nìkan ló máa mú un kúrò. Ẹ kọ́kọ́ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn. Ó lè jẹ́ ọkàn tàbí kíndìnrín ló ń pariwo."

Lọ́jọ́ kejì, Mildred gbé Màmá lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n yẹ ọkàn àti kíndìnrín Màmá wò, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó ti ru gan-an ni wọ́n rí. Dókítà fún un ní oògùn, ó dín iyọ̀ rẹ̀ kù, ó sì ní kó máa rìn díẹ̀díẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹnu géètì ló mọ. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, wíwú ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń fà, ó dé ọ̀dọ̀ Judith, aládùúgbò tó ń mọ ẹ̀gẹ́ ní róbótó, tó ń yan án lórí èéfín, tó sì ń tà á ní púpurú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Mildred jí, kò bá ìyá rẹ̀ nílé. Ó sáré jáde. Ẹ̀yìnkùlé Judith ló ti gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Judith, ta ló kọ́ ọ ní púpurú mímọ? Wò ó, ó rí wọ́gọwọ̀gọ bí orí ọkọ rẹ!"

Màmá Aníwúrà jókòó síbi tí èéfín kò dé, ó ń mọ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti fún omi rẹ̀ gbẹ, ọwọ́ rẹ̀ ń yára. Mildred fẹ́ kígbe pé kí Màmá fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó gbé e mì. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó sì jókòó tì wọ́n.

Ẹ̀yin ọmọ tó fẹ́ràn òbí yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rìn bí agbára wọn ti mọ. Ẹ jẹ́ kí èèyàn wà nítòsí wọn tí wọn yóò bá rẹ́rìn-ín. Ẹ dín iyọ̀ àti míníráàsì kù, ẹ fi ẹ̀fọ́ àti èso kún oúnjẹ wọn. Ẹ máa mú wọn lọ wọn ìfúnpá, kí ẹ má sì dá oògùn tí dókítà fún wọn dúró. Àdúrà dára, kò sì ní kí a má lọ sílé ìwòsàn. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì dàgbà, ara yín náà ń gbó o: òní ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá sì ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àgbàlagbà yín nítorí ìfẹ́, ẹ lọ bá a, kí ẹ bi í léèrè ohun tó ṣì wù ú láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe.