Ara Tí Fóònù Dá Mọ̀

Òótọ́ ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á, kó gbà á. Ó ti rẹ̀ mí láti máa bá èèyàn jiyàn.

Ojú ti ń dun Ìyá Aránṣọ. Ogójì ọdún nídìí ẹ̀rọ kì í ṣe eré. Bó bá ń wọn oníbàárà, kì í kọ ìwọ̀n sínú ìwé mọ́. Ó ń kà á síta ni, áàpù kan lórí fóònù rẹ̀ á sì kọ ọ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ tó gbé áàpù náà sórí fóònù, ọ̀rọ̀ rẹpẹtẹ jáde, wọ́n ní kó gbà. Ó tẹ "Mo gbà." Ta ló ń ka irú ẹ̀?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àbúrò rẹ̀ obìnrin wọlé pẹ̀lú àpò kan. Ojú ọ̀tún rẹ̀ wú. Ọkọ rẹ̀ ló lù ú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni mọ̀ pé mo wà níbí. Ó ní bóun bá tún rí mi, òun á pa mí."

"Ta ni mo fẹ́ sọ fún? Ògiri?"

"Fóònù mi gan-an, mo ti jù ú sódò."

"O ṣeun. Aṣọ ọrùn ẹ ti ya. Dìde, jẹ́ n wọ̀n ẹ́."

Ìyá Aránṣọ kò dárúkọ àbúrò rẹ̀ fún fóònù. Ó gbọ́n tó bẹ́ẹ̀. Àyà, apá, ìbàdí, ó rọra kà á. Fóònù dún tín-ín, ó sì sọ̀rọ̀:

"Ìbàdí ẹni yìí ti fi íǹṣì méjì dín láti ìgbà tí wọ́n ti wọ̀n ọ́n gbẹ̀yìn."

"Ìgbà wo ni mo wọ̀n ẹ́ rí?"

Àbúrò rẹ̀ tẹjú mọ́ fóònù bí ẹni tó rí ejò. "Ẹ̀yin kọ́. Aránṣọ àdúgbò wa ni, lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Áàpù yìí náà ló ń lò. Nọ́ńbà ọkọ mi la fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀."

Wọ́n fi orúkọ pamọ́. Wọ́n ti fi ara sílẹ̀.

Kílẹ̀ tó ṣú, àbúrò ti gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká.

"Ẹ̀gbọ́n, ibi tí mò ń lọ..."

"Má sọ!" Ìyá Aránṣọ fọwọ́ di etí. "Ohun tí n ò bá mọ̀, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ lẹ́nu mi."

Nígbà tó lọ tán, Ìyá Aránṣọ pa ìwọ̀n náà rẹ́ nínú áàpù. Lọ́jọ́ kejì, fóònù dún. "Ìbàdí: ọgbọ̀n." Lọ́jọ́ kẹta: "Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n àbọ̀." Kò sẹ́ni tó mú téèpù. Ó pa fóònù, ó fi àkísà wé e. Ó ṣì ń dún. Ṣé ọmọ yìí tiẹ̀ ń jẹun ṣá? Òkú kì í rù, ó ní lọ́kàn ara rẹ̀. Ó kéré tán, ó wà láàyè.

Lọ́jọ́ keje, ọkọ náà dé.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ránṣẹ́ sórí fóònù mi pé aṣọ ìyàwó mi wà lọ́dọ̀ yín."

"N ò tíì gé aṣọ kankan. N ò mọ ibi tó wà. Bó o bá fẹ́, tú ilé."

"Mo mọ̀ pé ẹ ò mọ̀, mà. Màá kàn jókòó díẹ̀."

Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó gbé fóònù lé orúnkún. Ìyá Aránṣọ kò lè ránṣọ, kò sì lágbára tó fi lè lé e.

Fóònù méjèèjì dún lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọkùnrin náà wo tirẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó dìde.

"Ẹ ṣé o, ẹ̀gbọ́n. Ibi tó wà kò jìnnà."

Ìyá Aránṣọ sáré tú àkísà kúrò lára fóònù tirẹ̀.

"Ìbàdí: méjìdínlọ́gbọ̀n. Ẹni yìí wà ní ìjókòó. Ó kẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn."