Ìwé Tí Mo Dìídì Ṣì Kà

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí Tíṣà, ojú ń tì mí bí nǹkan míì. Èmi wẹ́dà tó ń fi iná jó irin pọ̀, ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ni mo jókòó sórí àga ọmọdé yẹn, tí orúnkún ń kan àgbọ̀n. Màámi ló fà mí lọ sí kíláàsì ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n ṣí fún irú wa, àwa tí ọpọlọ wa pé ṣùgbọ́n tí lẹ́tà kì í dúró sójú kan fún.

Tíṣà ò fi mí rẹ́rìn-ín. Ó da iyanrìn sínú abọ́ pẹrẹsẹ, ó di ìka mi tí iná ti jó mú, a jọ ń kọ lẹ́tà síbẹ̀, a sì ń pe ìró rẹ̀. Kí n má purọ́, ọjọ́ yẹn gan-an ni ìfẹ́ rẹ̀ kó sí mi lórí.

Nígbà tó di oṣù kẹjọ, mo ti ń kàwé. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá yege ìdánwò, ó ti kúrò ní kíláàsì nìyẹn, mi ò sì tíì lè la ẹnu sọ nǹkan kan fún un. Níbo ni mo fẹ́ ti máa rí i? Nígbà tí ọ̀gá tó ń darí kíláàsì náà wá dán wa wò, mo dìídì ń ṣì í kà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ta ló rán mi níṣẹ́!

Mi ò mọ̀ pé ìdánwò wa ni wọ́n fi ń wo iṣẹ́ tirẹ̀. Lọ́jọ́ kan, mo bá a tó ń kó ìwé sínú páálí, ojú rẹ̀ ti wú. Ó ní wọ́n ti dá òun dúró, pé ẹnì kan péré ló kù kí àwọn tó yege pé iye tí wọ́n ń fẹ́. Ó tún ń bẹ̀ mí, pé òun ò mọ bí òun ṣe lè ràn mí lọ́wọ́ mọ́. Ayé sú mi.

Màámi ni mo kọ́kọ́ jẹ́wọ́ fún. Wọ́n ní ọmọ tí àwọn ti ń wò bí ìyàwó ilé ni mo fi ọwọ́ ara mi lé lọ, kí n lọ tún un ṣe.

Lọ́jọ́ kejì, mo ka odidi ojú ìwé kan fún ọ̀gá náà ní ọ́fíìsì, mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní ó ti pẹ́ jù, wọ́n ti ti kíláàsì náà pa.

Mo gba ilé Tíṣà lọ, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó wọlé, ó mú lẹ́tà tí wọ́n fi dá a dúró jáde, ó nà án sí mi.

“Ẹ kà á.”

Mo kà á láti òkè, títí dé ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ò tẹ̀ síwájú. Mi ò ṣi ọ̀rọ̀ kan kà.

“Ìfẹ́ yín ló mú mi ṣe é, Tíṣà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí n pàdánù yín.”

Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó gba lẹ́tà náà padà, ó ká a sí mẹ́rin.

“Ẹ mọ̀ ọ́n kà dáadáa,” ló wí. “Ẹ mọ̀ ọ́n kà dáadáa gan-an ni.”

Ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ mi síta.