Ìwé Ọpẹ́ Tó Dé Lẹ́yìn Ìsìnkú

Bí o bá jẹ́ aláìmoore, má ṣe yára ju ìwé yìí nù. Nítorí tìrẹ ni mo ṣe kọ ọ́.

Ní ọdún 1991, Olúwọlé fi iṣẹ́ akọ̀wé ìjọba sílẹ̀. Ó fẹ́ máa kọ́ àwọn ènìyàn bí a ti ń kọ àṣẹ sínú kọ̀ǹpútà tí yóò fi ṣiṣẹ́ tí a bá fẹ́. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí i láti òkè òkun ló fi mọ iṣẹ́ náà. Kò ní yàrá ìkọ́ni, kò ní tábìlì kan ṣoṣo.

Màmá Àtọ́kẹ́ ní Pópó Yemọja, nílùú Ìbàdàn, ló gbà á. Abọ́ tánganran ni ìyá yìí ń tà. Ó kó ọjà rẹ̀ kúrò ní yàrá iwájú fún Olúwọlé, òun fúnra rẹ̀ sì ń sùn láàárín abọ́ ní yàrá ẹ̀yìn. Àkíbù, ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ káfíńtà, kan tábìlì àti bẹ́ǹṣì lọ́fẹ̀ẹ́. Hezekiah, tí òun àti Olúwọlé jọ ṣiṣẹ́ rí, ń wá akẹ́kọ̀ọ́ fún un láti ìjọ dé ìjọ.

Lẹ́yìn ọdún méjì, Olúwọlé kó lọ sí òkè pẹtẹ́ẹ̀sì ní Bẹẹrẹ. Láti ọjọ́ náà kò yà sí Pópó Yemọja mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìrìn tó ń mú ènìyàn làágùn. Ẹni tí wọ́n ṣe lóore, àárọ̀ ọjọ́ kejì ló ń jí lọ sọ pé ẹ kú oore àná. Ọmọdé Ìbàdàn mọ̀ bẹ́ẹ̀. Olúwọlé ní ìfàkókòṣòfò ni.

"Ta ló ràn mí lọ́wọ́?" ni ó máa ń sọ. "Èmi ni mo kọ́ ara mi."

Àkíbù ránṣẹ́ sí i pé, "Ara Màmá ò yá. Wọ́n ń béèrè rẹ." Ó fèsì pé òun kì í ṣe dókítà.

Nígbà tí Hezekiah bá a wí, ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé ọpẹ́ lásán lo ń torí ẹ̀ pariwo? Màá tẹ̀ ẹ́ jáde kí o tó jẹun tán."

Ó kọ ìwé ọpẹ́ kan ṣoṣo, ó sì pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà kí ó máa pààrọ̀ orúkọ àwọn tó ràn án lọ́wọ́ sínú rẹ̀. Ìwé mẹ́tàlélógún jáde. Kò ka ọ̀kankan nínú wọn. Ó ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pín in kiri.

Ní ọjọ́ kejì, Àkíbù wọlé bá a láàárín kíláàsì, ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Tíṣà, ẹ ka èyí fún mi. Káfíńtà ni mí, mi ò mọ̀wé."

Olúwọlé kà á: "Màmá Àtọ́kẹ́ ọ̀wọ́n, mo gbàdúrà pé kí ara yín le, kí ẹ̀mí yín sì gùn."

"Àmín," Àkíbù ní. "Àná la ṣe fídáù ogójì ọjọ́ wọn. Ojú àwọn ààfáà ni wọ́n ti ka àdúrà rẹ yìí fún wa. Ṣé ẹ̀rọ rẹ ni ò mọ̀ pé wọ́n ti kú, àbí ìwọ?"

"Bọ̀ọ̀dá Àkíbù, ẹ jọ̀ọ́..."

"Má pè mí ní bọ̀ọ̀dá. Tábìlì mi lo fara tì yẹn. Màmá béèrè rẹ títí ohùn wọn fi pin. Wọ́n ní ká má bínú sí ọ, pé iṣẹ́ ló dí ọ lọ́wọ́."

Ó gbé ìwé náà sórí tábìlì, ó sì sọ̀kalẹ̀ lọ.

Olúwọlé tú kíláàsì ká. Ó fẹsẹ̀ rìn dé ilé Hezekiah lẹ́bàá Màpó, ó sì ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. "Mo fẹ́ lọ dọ̀bálẹ̀ ní sàárè wọn," ó ní.

"Sàárè ò ní dá ọ lóhùn." Hezekiah kò rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. "O ti pẹ́ jù. Kì í sì í ṣe Màmá nìkan lo ṣe é sí. Ta ló fún ọ ní ọpọlọ tí o fi ń gbéra ga? Ta ló kú fún ọ lórí igi àgbélébùú? Àdúrà tí o ń gbà sí i láràárọ̀, bí ìwé ẹ̀rọ rẹ ló rí. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ìwọ fúnra rẹ kì í gbọ́ ọ."

"Ṣé ó lè dárí jì mí?"

"Ó kú, ó sì jíǹde. Bá a sọ̀rọ̀."

Olúwọlé kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì. Kò sí ọ̀rọ̀ dídùn lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ó ní, "Olúwa Jésù, agbéraga ni mí. Aláìmoore ni mí. Ṣàánú mi." Ó sọkún, Ọlọ́run sì gbọ́ ọ.

Ilẹ̀ mọ́, ó lọ dọ̀bálẹ̀ níwájú Àkíbù nínú èérún pákó. "Ẹ kú oore àná, sà." Àkíbù fá pákó tó ń fá lọ títí ó fi tán. Lẹ́yìn náà ló ní, "Dìde. Wá bá mi di apá kejì pákó yìí mú."

Ìwọ tó ń kà á, má tan ara rẹ. Ìrònúpìwàdà Olúwọlé kò jí Màmá Àtọ́kẹ́ dìde. Títí di òní, ìyá náà kò gbọ́ ọpẹ́ rẹ̀. Ìwọ náà ti jẹ oúnjẹ Ọlọ́run, o ti mí afẹ́fẹ́ rẹ̀, o sì ń ránṣẹ́ sí i pé ọwọ́ rẹ dí.

Olóore Olúwọlé ló kú kí ó tó dúpẹ́. Olóore tìrẹ kò ní kú mọ́ láé. Ìwọ ni yóò kú. Kúnlẹ̀ lónìí.