Ìyàwó Tí Kò Tíì Wọlé

Oyin ti tú ọjà Bassila ká ní ọjọ́ tí Lassissi kọ́kọ́ fojú kan Marwa. Àwọn oníṣu ti sá, àwọn eléèlùbọ́ ti fi igbá sílẹ̀, alápatà kan sì ti wọ abẹ́ tábìlì ara rẹ̀, ẹran ń ro sí i lórí. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló jókòó síbi tó wà. Kòkòrò oyin bo gèlè rẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ tó ń mí, wọ́n tò sí apá rẹ̀, wọ́n ń rìn lórí ìka ọwọ́ rẹ̀. Òun sì ń bá wọn sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ní èdè Aníì, bí ìyá tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

Ará Manigri ni Lassissi, àgbẹ̀ tó ń gbin iṣu àti kajú, ọmọ ọgbọ̀n ọdún ó lé méjì. Oyin ìgò kan ni ìyá rẹ̀ ní kó rà bọ̀ nítorí ikọ́. Ó yẹ kó bá ẹgbẹ́ sá, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀.

"Ìwọ tí o dúró síbẹ̀ yẹn," ọmọbìnrin náà fi èdè Nàgó pè é láì yí orí, "ṣé akin ni ọ́ ni, àbí ẹ̀rù ti dè ọ́ lẹ́sẹ̀?"

"Ẹ̀rù ni. Ṣùgbọ́n oyin ni mo wá rà."

"Èwo nínú wọn? Ti inú ìgò, àbí ti orí mi?"

"Àwọn ti orí rẹ ti rí ibi tó dára jókòó sí, n kò ní lé wọn. Ta ti inú ìgò fún mi."

Ó rẹ́rìn-ín. Inú ẹ̀rín náà ni ọkàn Lassissi ṣubú sí, kò sì gbìyànjú láti gbé e.

Láti ọjọ́ náà, kò sí ọjọ́ ọjà Bassila tí alùpùpù Lassissi kì í gba ọ̀nà ibẹ̀. Ikọ́ ìyá rẹ̀ lọ, oyin kò dá dúró. Nígbà tí ìgò di méje lórí pẹpẹ, ìyá rẹ̀ pè é jókòó.

"Lassissi, ṣé èmi ni ikọ́ ń ṣe ni, àbí ìwọ ni oyin ta?"

"Oyin ló ta mí, Ìyá."

Ó sọ gbogbo rẹ̀: Marwa, ọmọ Yáyà tó ń fa oyin nínú igbó Bassila, ọmọ tó mọ Ọlọ́run, tó ní sùúrù, tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Ìyá gbọ́ ọ tán. Obìnrin tí oríkì wà lẹ́nu rẹ̀ bí omi ti í wà nínú ìsun ni. Láti ìgbà tí bàbá Lassissi ti kú, ohùn rẹ̀ ló ń jí agbo ilé láàárọ̀, tó ń ki ọmọ kọ̀ọ̀kan títí orí rẹ̀ yóò fi wú.

"Aníì kò burú," ni ó wí. "Ọlọ́run kan náà ló dá wa. Ṣùgbọ́n ta ni yóò máa ki yín nígbà tí mo bá lọ?"

"Ìyá, ó gbọ́ Nàgó dáadáa."

"Gbogbo èrò ọjà ló gbọ́ Nàgó. Kí èèyàn gbọ́ èdè yàtọ̀ sí kí ó gbọ́ ilé."

Ìfẹ́ kò gbọ́ ìyẹn. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, wọ́n so yìgì Lassissi àti Marwa ní àgbàlá Yáyà lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Bàdírù, àbúrò bàbá Lassissi, ló dúró fún un. Ìyá kò wá. Bẹ́ẹ̀, àṣà ni pé ìyàwó kì í fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé ọkọ. Àwọn obìnrin ilé ọkọ ló ń wá mú un. Marwa wà nílé bàbá rẹ̀, ó ń retí. Oṣù kan kọjá, ekejì kọjá. Ìyá kò dìde.

Lassissi kò lè sọ òótọ́ fún Marwa. Ó ní, "Ẹ̀yìn ló ń dun Ìyá. Bí ẹ̀yìn bá ti san, wọn á wá mú ọ." Marwa sì gbà á gbọ́. Láràárọ̀ lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, ó ń gbàdúrà fún ẹ̀yìn ìyá ọkọ rẹ̀.

Bàdírù ló dá a lábàá pé kí àwọn méjèèjì jáde díẹ̀. "Ìyàwó rẹ ni níwájú Ọlọ́run," ni ó sọ fún Lassissi. "Mú un lọ síbi tí ojú rẹ̀ yóò ti rí nǹkan. Ọkàn tó bá ń wo ojú ọ̀nà ṣáá, á gbó ṣáájú ọjọ́." Lassissi mọ ibi tí yóò mú un lọ. Yáyà a máa pìtàn fún ọmọ rẹ̀ pé nígbà tí òun wà lọ́mọdé, erin a máa ti igbó Bassila kọjá lọ sí Tógò. Marwa kò rí erin rí láyé rẹ̀. Igbó kan sì wà nílẹ̀ Tógò tí ìjọba ń ṣọ́, tí erin ṣì kù níbẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n gun alùpùpù, wọ́n di oúnjẹ sẹ́yìn. Ní ẹnubodè, agbófinró kan yẹ káàdì wọn wò.

"Kí lẹ fẹ́ lọ ṣe ní Tógò?"

"A fẹ́ lọ wo erin," ni Marwa dáhùn.

Ọkùnrin náà wo Lassissi. "Àwọn ẹlòmíì ń fi ẹsẹ̀ sá fún erin, ìwọ ń fi ìyàwó wá a kiri. Ẹ máa lọ o. Kí Ọlọ́run ṣọ́ yín."

Ọjọ́ kìíní, Razak tó ń mú àlejò rìn nínú igbó náà mú wọn gba abẹ́ àwọn igi tó ga tí ọrùn ń dunni láti wò. Wọ́n rí ọ̀bọ tó ń bá ara wọn jà lórí èso, wọ́n rí ẹtu tó dúró bí ẹni tó gbàgbé ohun tó wá ṣe. Erin kò sí. Ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n rí nínú ẹrẹ̀, ó gbòòrò bí àwo. Marwa bọ́ bàtà, ó ki ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì bọ inú rẹ̀, ààyè ṣì kù.

"Lassissi, wá ki tìrẹ bọ̀ ọ́."

"Kí erin bá wa ńlé rẹ̀?"

"Ojo! Ọkùnrin tí kò sá fún oyin."

"Ẹsẹ̀ ló kọ̀ láti sá lọ́jọ́ náà. Ojú kan ló mú un."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí ìrì ṣì wà lára koríko, Razak gbé ọwọ́ sókè kí wọ́n dúró. Ní òdìkejì odò, òkè mẹ́rin jáde láti inú igbó, wọ́n ń rìn. Ìkarùn-ún kéré, ó ń gbá ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ mú bí ọmọ tó ń bẹ̀rù ọjà. Kò sí ariwo. Ohun tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, ó rọra tẹ ilẹ̀ bí ìgbà tí alágbà ń wọ mọ́ṣáláṣí.

Omi bọ́ lójú Marwa. Ẹnu Lassissi sì là láìrò tẹ́lẹ̀, ó ń sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí àdúrà:

"Ajànàkú, òkè tó gbẹ́sẹ̀,
O jẹun tán, igbó dọ̀dàn,
O mumi tán, odò ń wá ìsun rẹ̀.
Ọba tí kò ránṣẹ́ kí ọ̀nà tó là.
Kọjá ní àlàáfíà, kí àwa náà kọjá."

Nígbà tí àwọn erin ti lọ tán, Marwa nu ojú. "Ẹran tó lè jẹ oko iṣu yín tán ní ìjókòó kan ni o ń kì báyìí?"

"Nílé wa, ohun tó bá tóbi, a ó kì í. Bí a tilẹ̀ ń bẹ̀rù rẹ̀, a ó kì í."

"Ilé yín dára," ni Marwa wí.

Ọ̀sán ọjọ́ náà, wọ́n lọ sí ọjà Sokodé. Lassissi ń wo bàtà nígbà tí Marwa dé pẹ̀lú ìgò kékeré kan, inú rẹ̀ dùn bí ọmọ tó rí ẹ̀bùn.

"Wò ó, òróró ni. Obìnrin tó tà á ní ọjọ́ mẹ́ta péré ni a ó fi para, ìrora á sì lọ. Ṣé ẹ̀yìn náà ṣì ń dùn wọ́n gan-an?"

"Ẹ̀yìn wo?" ni Lassissi bi í.

Ọ̀rọ̀ ti jáde kó tó mọ̀. Ó rí bí ojú Marwa ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí ìkuukùu bá ń gun orí òkè Alédjo. Irọ́ lè sáré fún ogún ọdún. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Lassissi kò tilẹ̀ tó oṣù mẹ́ta.

Wọ́n jókòó sábẹ́ igi, Lassissi sì sọ gbogbo rẹ̀: oríkì, èdè, ilé. Marwa kò ké. Ìgò wà ní itan rẹ̀.

"Ìyá rẹ kò fẹ́ mi, ìyẹn kò pa mí," ni ó wí nígbẹ̀yìn. "Ọmọ wọn ni ọ́, wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti bẹ̀rù. Ìwọ ni o pa mí. O fi mí sí ìta, o sì sọ fún mi pé ilẹ̀kùn ló bàjẹ́. Mo ń bẹ Ọlọ́run kó tún ilẹ̀kùn ṣe."

"Marwa, àyànfẹ́ mi, n kò fẹ́ kí ó dùn ọ́ ni."

"Ó ti dùn mí. Ó tún wá dùn mí nínú òkùnkùn." Ó dìde. "Ọ̀la, a ó padà. Má yà nílé bàbá mi. Máa gbé mi lọ sí Manigri."

"Ìyàwó kì í fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀—"

"Mo mọ̀. Tí ìyá rẹ bá lé mi, kí wọ́n lé mi lójú mi. Màá padà sílé bàbá mi, àlùfáà yóò sì tú ohun tó so. N kò lè jẹ́ ìyàwó ojú ọ̀nà."

Lassissi kò sùn dáadáa. Ní gbogbo ọ̀nà lọ́jọ́ Àlàmísì, Marwa di irin ẹ̀yìn alùpùpù mú, kò di ọkọ rẹ̀ mú. Wọ́n kọjá ní Bassila láì dúró. Adúrú àdúrà tí Lassissi gbà láàárín Bassila sí Manigri, Ọlọ́run nìkan ló kà á.

Ìyá wà lágbàlá, ó ń bẹ iṣu. Lamatou, àbúrò Lassissi, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ń dá iná. Gbogbo ọwọ́ dúró.

Marwa bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ó kúnlẹ̀ sórí iyẹ̀pẹ̀. "Ẹ kúulé, Ìyá. Ẹ kú iṣẹ́."

"Káàbọ̀, ọmọ Yáyà," ni Ìyá dáhùn, ohùn rẹ̀ mọ́, ó tutù bí omi inú kòtò. "Lamatou, gbé àga fún àlejò wa."

Ọ̀rọ̀ náà gún Lassissi lọ́kàn. Lamatou gbé àga onítìmùtìmù tí wọ́n ń gbé fún àwọn èèyàn pàtàkì wá. Marwa wò ó, kò jókòó. Ó tẹ orí ba fún ọmọbìnrin náà.

"Ẹ ṣeun, Eyínfúnjowó. Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu."

Lamatou bojú wẹ̀yìn láti mọ ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Kò sí ẹnì kankan. Ọ̀bẹ Ìyá dúró sínú iṣu.

Nígbà náà ni Chakirou, àbúrò Lassissi ọkùnrin, wọlé láti oko, gíga rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àtẹ́rígbà. Marwa tún tẹrí ba. "Ẹ kú oko, Agùntáṣọọ́lò."

Lassissi kò kọ́ ọ. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ nílé náà. Ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ ní orúkọ. Bí ọmọ náà kò tilẹ̀ ju ọmọ ọwọ́ lọ, ó ti ṣáájú rẹ̀ wọlé, ẹ̀gbọ́n ni. Yóò fún un ní orúkọ ìkẹ́, yóò sì máa fi "ẹ" bọ̀wọ̀ fún un. Àlejò kì í ṣe é. Èrò ọjà kì í ṣe é.

"Ta ló kọ́ ọ?" Ìyá bi í.

"Kò sẹ́ni tó pè mí jókòó kọ́ mi, Ìyá. Àárín àwọn ìyàwó Nàgó ni mo ti ń tajà láti kékeré, mo máa ń gbọ́ bí wọ́n ti ń ránṣẹ́ sílé ọkọ. Ọjọ́ tí wọ́n so wá pọ̀ ni mo ti bi Lassissi léèrè bí àwọn—"

Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Lamatou pariwo ẹ̀rín, ó sì tètè gbé e mì.

"O pe ọkọ rẹ lórúkọ," ni Ìyá wí.

"Mo ṣàṣìṣe, Ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí."

Ìyá wò ó pẹ́. Ohun kan rọ̀ ní igun ẹnu rẹ̀. "Èmi náà pe bàbá wọn lórúkọ ní ọjọ́ kẹta tí mo wọ ilé yìí. Ìyá ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀." Ó yọ ọ̀bẹ kúrò nínú iṣu. "Báwo lo ṣe mọ̀ pé eyín Lamatou funfun, ìwọ tí o kò rí i rí?"

"Mo béèrè, Ìyá. Mo ti ń kó orúkọ wọn pa mọ́ de ọjọ́ tí ẹ ó jẹ́ kí n lò ó."

Afẹ́fẹ́ kò fẹ́.

"Lamatou," ni Ìyá wí, "gbé àga yẹn padà. Mo ṣì í pè. Àlejò kò sí níbí." Ó na ọ̀bẹ sí Marwa, ó dì í mú ní ojú kí èèkù kọjú sí ọmọ náà. "Iṣu kò ní bẹ ara rẹ̀. Bí o bá jẹun tán, ọkọ rẹ yóò dá ọ padà sílé bàbá rẹ. Ọ̀la ni Jímọ̀. Bí a bá ti kírun tán, èmi àti àwọn obìnrin ilé yìí yóò wá fi ẹsẹ̀ wa mú ọ. A kì í kó ìyàwó wọlé bí ẹni ń kó iṣu ti oko bọ̀."

"Àmín, Ìyá. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa."

"Àwa àti ìwọ." Ó yí sí ọmọ rẹ̀ tó ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà, àpò ọjọ́ mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀. "Ìwọ, òpùrọ́ tó sọ mí di ẹlẹ́yìn dídùn, lọ pọn omi."

Bó ti ń kọjá, Marwa gbójú sókè. Kò tíì rẹ́rìn-ín sí i. Ṣùgbọ́n ó rọra fa etí aṣọ ọkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kó tó dojú kọ iṣu.

Lassissi gbé garawa, ó lọ sí kànga. Okùn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ láti àgbàlá, tó ń pe oríkì ilé díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń fi oúnjẹ bọ́ ọmọ: "Ọmọ a-fi-ebè-ṣe-òkè…"

Ohùn Marwa tẹ̀ lé e, ahọ́n Aníì ń kọsẹ̀ lórí rẹ̀.

"Rárá," ni Ìyá wí. "Má kánjú. Tún un pè."

Ó tún un pè.